Ilẹ̀kùn Kan, Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta

Ọkùnrin náà bọ́ suwẹ́tà rẹ̀ lábẹ́ òjò, ó fi wé nǹkan kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, ó sì ń sáré bọ̀ láàárín àwọn pákó ọjà Katako pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òjò Jos ni, èyí tí yìnyín máa ń bá rìn, tí eyín ènìyàn á máa gbá ara wọn lẹ́nu. Inúmidùn jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ó fi ìborùn wé orí, ó ń wò ó. Láyé rẹ̀, kò tíì rí ẹni tó gbà kí òtútù pa òun nítorí ohun tí kò lẹ́mìí.

Ọkùnrin náà kí i ní èdè Hausa, ó tọrọ àyè kó lè yà síbẹ̀ títí òjò á fi dá. Inúmidùn ní kó wọlé, ó sún fún un.

"Inúmidùn, ta nìyẹn?" Bàbá rẹ̀ ló ń pè láti ẹ̀yìn pákó.

"Oníbàárà ni, Bàbá. Ó gbé ọmọ tuntun wá."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ kọ́ o," ó fi Yorùbá dáhùn, ohùn Èkìtì sì wà nínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀. "Díìsìkì kọ̀ǹpútà ni. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ìdajì Nasarawa Gwong ló wà nínú ẹ̀. Bí omi bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ìyàwó tó máa wá bá mi jà kì í ṣe kékeré."

"Ẹ ti níyàwó púpọ̀ nìyẹn."

"Mi ò tíì ní ẹyọ kan."

Inúmidùn yíjú sí òjò kí ọkùnrin náà má baà rí ẹnu òun.

Olúkọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Èkìtì ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó bí i sí Jos, wọ́n sì ti padà sílé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gba kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kó kó ohun tó wà nínú wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má baà ṣègbé. Pákó tí yóò fi ṣe pẹpẹ ló wá rà lọ́jọ́ náà. Ó ra ẹyọ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wá ra ẹyọ kan. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, Ọ̀pádọ̀tun, bàbá Inúmidùn, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ yìí," ó bi ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tí Olúkọ́lá ti lọ, "ilé wo ni ọkùnrin yẹn ń fi pákó ẹyọ kọ̀ọ̀kan kọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Èmi mọ̀," ni bàbá wí, ó sì dá gíláàsì rẹ̀ padà sójú.

Kò pẹ́ tí Inúmidùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù lọ sí Nasarawa Gwong lọ́sọ̀ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni ìsọ̀ náà. Kásẹ́ẹ̀tì kún ibẹ̀ dé àjà, àwọn pẹpẹ tí wọ́n fi pákó Katako ṣe sì wà lára ògiri. Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà Olúkọ́lá, kì í ṣe irú èyí tí Inúmidùn ti rí ní káfẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe nǹkan gidi lórí rẹ̀, ojú dúdú kan ló máa ṣí, á sì máa tẹ àṣẹ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn ń bá akọ̀wé tí kì í rẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ti díìsìkì yìí pa báyìí?" ni Inúmidùn béèrè.

"Wọ́n jí kọ̀ǹpútà mi nígbà kan. Kò pẹ́, àwòrán ìyàwó kan tó jẹ́ pé ọkọ ẹ̀ nìkan ló yẹ kó rí i wà lórí fóònù gbogbo ọmọ àdúgbò. Mi ò ní jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá jí èyí báyìí, irin lásán ló jí. Láìsí kọ́kọ́rọ́, kò lè rí nǹkan kan kà nínú ẹ̀."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ṣíṣí nìkan kò tó: bí ilẹ̀kùn bá ṣí tán, ó tún yẹ kí ènìyàn so díìsìkì náà mọ́ fódà kan kí ohun inú rẹ̀ tó lè yọjú. Bí iṣẹ́ bá parí, á kọ́kọ́ tú u kúrò lára fódà, lẹ́yìn náà ni á tún un tì. "Má fà á yọ lójijì," ni Olúkọ́lá wí. "Kò ní pariwo, àmọ́ ó lè ṣe é léṣe."

Nígbà tó yá, ó ní kí Inúmidùn ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà tó máa ń wá nígbà tí òun bá lọ ya fídíò níta ìlú. Páásíwọ́ọ̀dù tí Inúmidùn nìkan á mọ̀ ni. Inúmidùn ń tẹ̀ ẹ́, kò rí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ.

"Kíbọ́ọ̀dù yín ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́. Kì í fi hàn ni. Kò fẹ́ kí ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹ rí i."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́yìn mi?"

"Èmi náà," ni Olúkọ́lá wí. "Mo ti yíjú."

Inúmidùn wẹ̀yìn. Lóòótọ́, ọkùnrin náà ti kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ, ó sì di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ Inúmidùn lọ́kàn tí kò sì jáde mọ́.

"Ilẹ̀kùn kan ni," ni Olúkọ́lá ń sọ fún ògiri, "ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lè pọ̀. O ò mọ tèmi, mi ò mọ tìẹ, á sì ṣí fún àwa méjèèjì."

Àwa méjèèjì. Inúmidùn gbé ọ̀rọ̀ náà wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé e délé, ó gbé e sórí ìrọ̀rí.

Màmá Warith ló kọ́kọ́ da omi tútù sí i. Obìnrin náà wá láti Angwan Rogo pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rá, kò sì tíì wọlé tán tó fi ń kí ènìyàn pé, "Tabitha, ina kwana." Ó wá gbójú sókè. "Kai. Kì í ṣe Tabitha." Ó wo Inúmidùn láti orí dé ẹsẹ̀. "Ke ce sabuwar?"

Hausa yọ̀ mọ́ Inúmidùn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, nítorí náà kò sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè fo òun dá: ṣé ìwọ ni tuntun? Tuntun. Bí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ táyà ọkọ̀.

"Ta ni Tabitha, Mà?"

"Haba, o ò mọ̀ ọ́n? Òun àti Kọ́lá ni wọ́n jọ máa ń jókòó síbí. Ó ga báyìí. Ó máa ń po tíì fún wa tá a bá ń dúró."

Láti ọjọ́ náà ni Inúmidùn ti ń po tíì. Ó ń pò ó nípọn, ó ń kó ṣúgà sí i láìbéèrè, bí oníbàárà bá sì ní ó ti dùn jù, á ní kó rọra mu ún. Ní ọkàn rẹ̀, kò sí ọ̀nà tí tíì Tabitha fi lè dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kò bi Olúkọ́lá léèrè. Ó ń retí kó sọ fúnra rẹ̀. Olúkọ́lá kò sọ. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, tí Inúmidùn ń ka ìwé ìrànlọ́wọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ó kọ́ àṣẹ tó máa ń fi iye kọ́kọ́rọ́ tí ilẹ̀kùn kan ní hàn. Ó tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò. Àyè mẹ́ta ló kún: òdo, oókan, eéjì.

Mẹ́ta. Ó tún un kà, bí ẹni pé ẹyọ kan lè tijú kó fara pamọ́.

"Kọ́lá," ó ní, ó mú ohùn rẹ̀ fúyẹ́, "àwa mélòó la ní kọ́kọ́rọ́ díìsìkì yìí?"

Olúkọ́lá ń fẹ́ eruku kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì kan. Kò gbójú sókè. "Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbí ni."

Láti ìgbà náà, bí Inúmidùn bá ti ṣí díìsìkì náà, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan ti jókòó sínú ilé kí òun tó wọlé, ẹni gíga kan, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń po tíì.

Ọ̀sán tí Olúkọ́lá lọ ya fídíò ìsìnkú ní Pankshin ni Inúmidùn ṣe ohun tó ṣe. Ó tẹ àṣẹ tí wọ́n fi ń yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. Ẹ̀rọ náà béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Inúmidùn rò pé bí sójà ojú ọ̀nà ṣe máa ń béèrè pé ta nìyẹn kó tó jẹ́ kí ènìyàn kọjá ni. Ó tẹ tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò fèsì, Linux kì í kí ènìyàn kú iṣẹ́. Ó wo àwọn àyè náà padà. Òdo àti oókan ló kù.

Ó ti lọ. Inúmidùn dìde, ó gbálẹ̀ ìsọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, ó ń kọrin. Pé nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló sọnù kò dà á láàmú. Bí ẹnì kan bá kúrò lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, ṣebí ẹni tó wà lẹ́yìn á sún síwájú. Òun ló sún bọ́ sí àyè Tabitha. Ó rọra tú díìsìkì náà kúrò lára fódà, ó tì í, ó lọ sílé.

Olúkọ́lá dé, òun ló sì ń ṣí díìsìkì láràárọ̀ fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún, Inúmidùn sì rí orúkọ Tabitha tó yọ lójú rẹ̀. Olúkọ́lá jáde sí ẹnu ọ̀nà lọ dáhùn. "Ó ṣì ń ṣí," ló gbọ́ tó ń fi Hausa wí. "Ìgbàkúùgbà tó o bá dé."

Lẹ́yìn náà, ó ti díìsìkì pa, ó jáde lọ ra wáyà. Màmá Warith wọlé, ó wá gba fídíò rẹ̀. Inúmidùn so díìsìkì mọ́ ẹ̀rọ, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní kò sí kọ́kọ́rọ́ tó bá èyí mu. Ó tún un tẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí.

"Tabitha kì í pẹ́ báyìí," ni Màmá Warith wí, ó ń wo àjà.

Inúmidùn gbé báàgì rẹ̀. Ó ti yé e. Ọkùnrin náà ti rí i pé kọ́kọ́rọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́, ó ti dá a padà, ó sì ti yọ òun jù síta. Ó ṣì ń ṣí. Ìgbàkúùgbà tó o bá dé. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sí Katako, ó sunkún débi tí oníkẹ̀kẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má wulẹ̀ sanwó.

Kò gba ìpè Olúkọ́lá. Ọ̀pádọ̀tun kò béèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, baba náà nawọ́ sí ẹ̀yìn ìsọ̀. "Ibẹ̀ ló wà. Má ra pákó lónìí o, ọmọ mi. O ti rà tó."

Inúmidùn jókòó lórí òkìtì pákó, kò dìde.

"O yọ mí," ó ní.

"Níbo?"

"Kọ́kọ́rọ́ mi. O yọ ọ́ kí ti Tabitha lè ráyè."

Ojú Olúkọ́lá yí padà. "Ta ló sọ Tabitha fún ẹ?"

"Gbogbo Nasarawa Gwong. Ìwọ nìkan lo ò sọ."

Olúkọ́lá gbé kọ̀ǹpútà lé orí pákó, ó so díìsìkì mọ́ ọn, ó tẹ àṣẹ tí Inúmidùn náà mọ̀ dáadáa, ó sì yí ojú ẹ̀rọ sí i. "Wò ó. Òdo ni ti Tabitha, òun ló ṣètò díìsìkì yìí níbẹ̀rẹ̀. Oókan ni tèmi. Eéjì ni tìẹ. Eéjì ò sí níbẹ̀ mọ́, mi ò sì fọwọ́ kàn án."

"Wọn kì í sún síwájú?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Inúmidùn kó tó lè gbá a mú.

"Kí ni kì í sún síwájú?"

"Àwọn nọ́ńbà yẹn. Bí ẹnì kan bá lọ."

"Wọn kì í sún. Ẹni tó bá lọ, àyè ẹ̀ á ṣófo sílẹ̀ ni."

Inúmidùn tún nọ́ńbà méjèèjì náà kà. Ẹ̀rọ tó ń la pákó bẹ̀rẹ̀ sí í han lápá ọ̀hún, eruku pákó sì ń fò lórí wọn. Olúkọ́lá nu ojú kọ̀ǹpútà. "Ó lè jẹ́ iná," ó ní. "Iná ìsọ̀ yẹn ti ń ṣe ségesège láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bóyá òun ló bà á jẹ́. Jẹ́ ká ṣe òmíràn fún ẹ."

Ọ̀nà là gbọnrangandan níwájú Inúmidùn. Kó kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, iná ni. Ọkùnrin náà á gbà á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, ojú ẹni tó kọjú sí ògiri lọ́jọ́sí kí ó má baà rí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, irọ́ náà kò sì gba ọ̀fun rẹ̀ jáde.

"Iná kọ́," ó ní. "Èmi ni. Ọjọ́ tó o lọ Pankshin. Tabitha ni mo fẹ́ yọ. Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù, mo tẹ tèmi."

"Páásíwọ́ọ̀dù tó o bá tẹ̀ ló máa yọ."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

Olúkọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "O wọ inú ohun tí mo fi síkàáwọ́ ẹ lẹ́yìn mi. O ò ṣe bi mí?"

"Mo bi ẹ́. O ní àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbí ni."

Olúkọ́lá wolẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Ó jókòó sórí pákó, ó jìnnà sí i díẹ̀. Ó ní òun àti Tabitha fẹ́ fẹ́ ara wọn. Tabitha ríṣẹ́ sí Abuja, ó lọ, nígbà tó yá ó ní òun kò padà bọ̀ mọ́. "Mi ò yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé nítorí fídíò ìsìnkú ìyá ẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mò ń retí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Inúmidùn. "Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò mọ ọjọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó pè mí lọ́jọ́ yẹn pé òun ń bọ̀ wá gba fídíò náà, mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀, ìwọ ni mò ń wò láti ẹnu ọ̀nà. O ń da ṣúgà sínú tíì ẹnì kan tó ní òun ò fẹ́. Mo wá rí i pé mo fẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀ parí."

Inúmidùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò ṣe ìkankan. "Máa lọ," ó ní. "Mo ṣì fẹ́ bínú díẹ̀ sí i."

"Títí dìgbà wo?"

"Màá sọ fún ẹ."

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ parí nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀: Tabitha ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ní kí n sọ fún ẹ kó tó dé. Inúmidùn kà á títí. Ní Sátidé, ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé rẹ̀ tó dára jù, ó sì lọ.

Ó ti gbàdúrà pé kí Tabitha kúrú. Kò kúrú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ tutù, ó sì kí Inúmidùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ débi pé kò sí ibi tí ènìyàn fẹ́ fi bínú gbà. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì ṣí fún un wẹ́rẹ́. Èyí dun Inúmidùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí fídíò náà bẹ̀rẹ̀, tí Tabitha rí àwọn obìnrin tó ń kọrin yí pósí ìyá rẹ̀ ká, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Inúmidùn dìde, ó po tíì. Ṣúgà díẹ̀ ló fi sí i.

Nígbà tí wọ́n ti kó fídíò náà sórí díìsìkì tirẹ̀ tán, Tabitha bi Olúkọ́lá ní Hausa pé báwo ni òun ṣe máa yọ kọ́kọ́rọ́ òun kúrò.

"Kò di dandan," ni Olúkọ́lá wí.

"Ó di dandan," ni Inúmidùn wí.

Tabitha wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi." Inúmidùn fa àga sún mọ́ ọn. "Tó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, tìrẹ ni kó o tẹ̀. Kò fẹ́ mọ ẹni tó ń pàṣẹ. Ẹni tó ń lọ ló ń béèrè." Ó sì kọjú sí ògiri títí Tabitha fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Nígbà tí Tabitha ń wọ kẹ̀kẹ́, ó fẹnu sí Inúmidùn létí. "Tẹ́rù bá ń bà á, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Kì í ṣe ìgbéraga." Ó tún dun Inúmidùn pé obìnrin mìíràn mọ ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé á wúlò.

Olúkọ́lá ti ṣí ojú dúdú náà sílẹ̀ nígbà tó wọlé padà. "Wá fi tìẹ sí i."

"Rárá."

"O ṣì ń bínú?"

"Ó ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí wọlé mọ́, Kọ́lá. O mọ ilé bàbá mi."

Olúkọ́lá yí padà lórí àga. "Tí mi ò bá tíì dé ibẹ̀, báwo lo ṣe fẹ́ máa ṣí díìsìkì?"

"Màá máa kanlẹ̀kùn. Ìwọ ni wàá máa dìde wá ṣí i fún mi, ní gbogbo ìgbà, títí á fi sú ẹ."

Kò pẹ́ tó fi sú u. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wọkọ̀ láti Èkìtì, wọ́n jókòó nínú yàrá Ọ̀pádọ̀tun lẹ́yìn Katako pẹ̀lú iṣu àti oyin nílẹ̀, òtútù Jos sì mú kí ìyá Olúkọ́lá da aṣọ mẹ́ta borí. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ọ̀pádọ̀tun bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ọmọ mi, o ti gbọ́. Ṣé ká gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Olúkọ́lá ni Inúmidùn kọjú sí.

"Kọ́lá, ṣé ẹnì kan tún wà tó yẹ kí n béèrè nípa ẹ̀?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, bàbá Olúkọ́lá sì lu itan. Olúkọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ díẹ̀, Inúmidùn sì ní sùúrù fún ìdákẹ́jẹ́ náà.

"Kò sí," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè mí lọ́la, ẹnu mi lo ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Inúmidùn wò ó títí. Owú inú rẹ̀ kò kú, ó kàn ká ẹsẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ ni.

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, Bàbá," ó ní. Ó dìde láàárín ẹ̀rín gbogbo wọn, ó sì lọ jókòó ti Olúkọ́lá, ní ìhà ibi tí fóònù rẹ̀ wà.